Bí A Ṣe Ń So Iná Àfikún Mọ́ Ọkọ̀ Tó Ń Wọ Oko, Tí Wáyà Rẹ̀ Kò Fi Ní Jóná

Ẹni tó bá ń gbé Abuja, tó sì ní oko ní Kwali, ní Kuje tàbí ní apá Abaji, mọ̀ pé kì í ṣe orí títì ọlọ́dà ni ìnira òru wà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá yà kúrò lójú títì, tó bọ́ sójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí ọ̀gbàrá ti sọ di gbágungbàgun, ìgbà náà ni iná iwájú tó bá ọkọ̀ wá kì í tó mọ́. Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa so iná àfikún mọ́ Hilux àti jíìpù wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iná wọ̀nyí ni kì í mọ́lẹ̀ tó owó tí wọ́n fi rà á, àwọn mìíràn a sì máa jó wáyà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lọ́pọ̀ ìgbà, iná fúnra rẹ̀ kọ́ ló jẹ̀bi, wáyà ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rọ ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi pé kó ya owó wáyà, ti fíùsì àti ti relay (súwíìṣì tó ń fi iná kékeré tan iná ńlá) sọ́tọ̀ kó tó dé ìdí owó iná, nítorí iná olówó kékeré tí wáyà rẹ̀ péye sàn ju iná olówó gọbọi tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín gbé lọ.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó rajà

Bátìrì ọkọ̀ tí à ń sọ níhìn-ín jẹ́ ti volt 12. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣàájì bátìrì) a máa gbé e dé nǹkan bíi volt 13.8 sí 14.4, ṣùgbọ́n 12 ni kí ẹ fi ṣírò, kí ààyè lè wà. Ẹ fi 12 pín iye watt iná yín. Ohun tó bá jáde ni iye ampere tí yóò máa gba inú wáyà kọjá. Gílóòbù halogen méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ watt 55 jẹ́ watt 110 lápapọ̀, ampere rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 9. Bí ẹ bá ra oní-watt 100 méjì, ó ti ń lọ sí ampere 17 nìyẹn. Iná LED gbọọrọ oní-watt 120 yóò gba ampere 10. Ẹ má sì gbára lé iye watt tí wọ́n kọ sára páálí LED olówó pọ́ọ́kú, nítorí wọ́n sábà máa ń bù mọ́ ọn.

Wáyà ló kàn. Oní-fọ́nrán púpọ̀ tó rọ̀ ni kí ẹ rà, kì í ṣe wáyà ilé tó ní irin kan ṣoṣo nínú. Wáyà ilé yẹn le, ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà oko a sì máa ṣẹ́ ẹ nínú róbà rẹ̀ níbi tí ojú kò ti ní rí i. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bó orí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi ojú ọ̀bẹ ha fọ́nrán kan. Bàbà tòótọ́ a máa pupa dé inú. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa náà, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni, kò sì lè gbé iná tó bàbà.

Ìnípọn wáyà náà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ká ní wáyà tó lọ láti bátìrì dé ibi iná gùn ní mítà 4, tó sì jẹ́ èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní 1mm, ampere 9 tó ń gba inú rẹ̀ yóò sọ nǹkan bíi volt 0.6 nù sójú ọ̀nà. Bí ẹ bá lo 2.5mm, ohun tó ń sọ nù yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.25. Ó lè jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí volt tó dé ọ̀dọ̀ gílóòbù halogen bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a dín ní bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó fà á nìyẹn tí ẹlòmíràn fi máa ń pààrọ̀ gílóòbù léraléra tí iná rẹ̀ sì ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ síbẹ̀. Fún halogen oní-watt 55 méjì tàbí LED oní-watt 120, wáyà 2.5mm tó, fún oní-watt 100 méjì, ẹ lọ sí 4mm.

Fíùsì gbọ́dọ̀ ju ohun tí iná ń gbà lọ díẹ̀, kó má sì ju agbára wáyà lọ, nítorí wáyà ni fíùsì ń dáàbò bò. Ampere 15, èyí tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ló bá iná tó ń gba 9 tàbí 10 mu. Iná tó ń gba 17 yóò lo 25, tí àwọ̀ rẹ̀ funfun bíi gíláàsì, pẹ̀lú wáyà 4mm. Ẹ ra àpò fíùsì tó ní ìdérí róbà, kí omi má bàa wọ inú rẹ̀.

Relay oní-ẹsẹ̀ mẹ́rin, volt 12, ampere 30 tàbí 40, ni ẹ ó rà ṣìkejì. Súwíìṣì kékeré tó ń wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò lágbára láti gbé ampere 17. Bí wọ́n bá fi dandan gbé e fún un, ojú rẹ̀ a yọ́, a sì lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Relay ló ń gba ẹrù yẹn lọ́rùn súwíìṣì. Èyí tí súwíìṣì yóò máa gbé kò ní tó ìdámẹ́rin ampere kan, ìyẹn tí relay nílò láti fi fa ara rẹ̀ pa dé. Zuba àti Apo ni ọ̀pọ̀ wa ń ra nǹkan wọ̀nyí sí ní Abuja. Ibi yòówù kí ẹ ti rà á, ẹ mi relay náà sétí: bí nǹkan bá ń dún nínú rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ní ti iná gan-an, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ IP67 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára: 6 yẹn ń sọ pé eruku kò lè wọlé rárá, 7 sì ń sọ pé ó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Eruku Àríwá kúnná tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé iná tí kò bá dí dáadáa á ti ṣú nínú kí ẹ̀ẹ̀rùn kan tó parí.

Ibi tí iná yóò wà

Orí ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ fẹ́ràn, torí ó dùn ún wò. Èmi kì í gba ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní Àríwá nímọ̀ràn pé kó fi í síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè wá a máa kọlu bọ́nẹ́ẹ̀tì, a sì máa ta padà sójú awakọ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá rọ̀ sójú ọ̀run láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, ìmọ́lẹ̀ orí ọkọ̀ yìí kan náà ni yóò máa tan eruku tó wà níwájú ojú yín gan-an, tí ẹ kò sì ní rí ọ̀nà mọ́. Bọ́ńpà tàbí irin ìdáàbòbò iwájú ọkọ̀ ni ibi tó dára jù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ìsàlẹ̀ wá ń rá lọ lábẹ́ eruku, ó sì ń fi òjìji kòtò hàn kí táyà tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ní ànfààní láti yàn, ẹ mú ọ̀kan tí gíláàsì rẹ̀ pupa rúsúrúsú fún ìgbà ọyẹ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ funfun tó ń lọ sí búlúù a máa gún ojú nínú eruku.

Ẹ má jẹ́ kí iná dí ojú rédíétọ̀. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, oòrùn Sokoto àti ti Maiduguri máa ń gbé ooru kọjá 40°C, ẹ́ńjìnnì sì nílò gbogbo afẹ́fẹ́ tó lè rí.

Bí bọ́ńpà yín bá jẹ́ ti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí ike, iná kò gbọ́dọ̀ dúró lórí rẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà tẹ irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní mílímítà 4 tàbí 5, kó sì dè é mọ́ igi irin tó gbé ọkọ̀ ró (chassis) gangan. Àwọn oníṣẹ́ irin ní Panteka ní Kaduna mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó wà ní abúlé mẹkáníìkì Apo àti Kugbo. Bí wọ́n bá fẹ́ jórin lára ọkọ̀, ẹ tú bátìrì kúrò ná, kí iná wẹ́dà má bàa ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Bóòtù tó nípọn ní mílímítà 8 ó kéré tán ni kí ẹ lò, kí ẹ fi wásà sípíríǹgì àti nọ́ọ̀tù tó ní òrùka ike nínú sí i, kó má bàa máa tú fúnra rẹ̀. Ihò yòówù tí ẹ bá lu sára irin, ẹ kun ọ̀dà sí etí rẹ̀ kí bóòtù tó wọ̀ ọ́. Òjò kan ṣoṣo ti tó fún ìpẹtà láti bẹ̀rẹ̀.

Dídarí wáyà

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ihò fúùlù tí mo ṣàlàyé nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì tú nẹ́gétíìfù bátìrì kúrò. Nẹ́gétíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà sì ni kí ẹ so kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé pọ́sítíìfù ni ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ lé, tí sípánà sì fara kan ara ọkọ̀, iná yóò bù yọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wá ibi tó jìnnà sí ẹ́gísọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, kí ẹ fi bóòtù kan de relay mọ́ ibẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọjú sí ilẹ̀, kí omi má lè dúró nínú rẹ̀. Ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin nídìí rẹ̀: 30, 85, 86 àti 87. Láti Jámánì ni ètò nọ́ńbà yìí ti wá, òun náà ni ẹ óò sì bá lára relay tí wọ́n ṣe ní ibòmíràn. Bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ karùn-ún láàárín tó ń jẹ́ 87a, ẹ má so nǹkan kan mọ́ ọn, nítorí orí rẹ̀ ni iná ń wà nígbà tí relay bá sinmi.

Láti orí pọ́sítíìfù bátìrì, ẹ fa wáyà nípọn lọ sí fíùsì, kí fíùsì náà má sì jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Èyí ṣe kókó. Ìwọ̀n wáyà tó bá wà láàárín bátìrì àti fíùsì kò ní olùdáàbòbò kankan. Bí ó bá bó, tó sì kan irin, kò sí ohun tí yóò dá a dúró àfi kí ó jó. Láti ìdí fíùsì, ẹ gbé wáyà náà lọ sí 30. Láti 87, ẹ gbé òmíràn tó nípọn bákan náà lọ sí iwájú, kí ẹ sì pín in sí méjì fún iná òsì àti ti ọ̀tún.

Wáyà nẹ́gétíìfù iná kọ̀ọ̀kan ni ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń kánjú jù, a sì gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n a fi bóòtù dè é mọ́ orí ọ̀dà, iná a tàn díẹ̀, wọ́n a sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ẹ fi sáńdípépà ha ibẹ̀ títí irin yóò fi máa dán, ẹ de orí wáyà olóruka mọ́ ọn pẹ̀lú wásà oléyín, kí ẹ tó wá fi gíríìsì bò ó. Èyí tó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ fa wáyà nẹ́gétíìfù padà sí bátìrì tààrà, pàápàá bí bọ́ńpà bá jẹ́ ike tàbí bí irin ìdáàbòbò bá wà lórí róbà.

Ní gbogbo ibi tí wáyà bá ti pàdé, kí ẹ má ṣe lọ́ ọ pọ̀ kí ẹ sì fi tépù wé e lásán. Ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì a máa yọ́ gọ́ọ̀mù tépù, á sì ṣí sílẹ̀. Ẹ bó orí wáyà ní mílímítà 7, ẹ ti gbogbo fọ́nrán rẹ̀ wọ inú tẹ́míná láìjẹ́ kí ọ̀kankan ṣẹ́ kù síta, kí ẹ fi pílíà tí wọ́n ṣe fún un tẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ wá fà á gírígírí. Èyí tó bá yọ lọ́wọ́ yín yóò yọ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ọ̀pá róbà tó máa ń súnkì bí iná bá rà á bò ó, kí ẹ fi iná ìṣáná rà á lọ títí yóò fi mú wáyà pinpin.

Wáyà súwíìṣì tín-ín-rín, 0.75mm tàbí 1mm ti tó. Ẹ wá ihò tí wáyà mìíràn ti gbà wọ inú ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ gba ibẹ̀. Bí ẹ bá ní láti lu ihò tuntun, ẹ fi róbà olóruka sí i, torí etí irin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lu mú bí abẹ, ìgbọ̀nrìrì yóò sì fi í rẹ́ wáyà díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wáyà pátá ni kí ó wà nínú ọ̀pá ike oníhánhán, kí ẹ sì fi okùn ike dè é mọ́ ibi tó dúró ṣinṣin ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30.

Jẹ́ kí iná náà kú nígbà tí ẹ bá dímù

Ọ̀pọ̀ ríwáyà a máa fa wáyà súwíìṣì tààrà láti ibi tí iná ti ń wá fún rédíò. Ó yá wọn, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹ̀mí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà wewu, nítorí awakọ̀ tó ń dímù fún un yóò ní láti tún rántí súwíìṣì kejì. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí iná àfikún máa tẹ̀ lé fúùlù: bí ẹ bá tan fúùlù, tí súwíìṣì rẹ̀ sì wà ní títàn, kí ó tàn, bí ẹ bá dímù, kí ó kú pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ẹ tó tú bátìrì ni kí ẹ ti ṣe ìdánwò kan. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀yìn gílóòbù iná iwájú tó ní ihò mẹ́ta. Ẹ fi wáyà dúdú multimeter (ẹ̀rọ tí a fi ń wọn volt) kan ara ọkọ̀, ẹ tan iná, kí ẹ sì fi wáyà pupa wo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹlòmíràn ṣe ń yí i láti dímù sí fúùlù. Bí volt 12 bá ń ṣí láti ihò kan sí òmíràn, ọkọ̀ yín ń fi pọ́sítíìfù tan iná. Èyí tó ní volt nígbà fúùlù ni ẹ óò fà lọ sí súwíìṣì, láti súwíìṣì sí 86, tí ẹ óò sì de 85 mọ́ ara ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ihò kan ṣoṣo bá ní volt 12 ní dímù àti ní fúùlù, tí àwọn méjì yòókù kò ní nǹkan kan, nẹ́gétíìfù ni ọkọ̀ náà fi ń tan iná. Toyota púpọ̀, pàápàá àwọn ti àtijọ́, rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sú, tí wọ́n a sì gbà pé relay ló bàjẹ́. Ẹ fi wáyà pupa multimeter sínú ihò tó ní volt yẹn, kí ẹ fi dúdú wo àwọn méjì yòókù. Èyí tó bá fi 12 hàn ní fúùlù nìkan ni ihò fúùlù. Ẹ wá so 86 mọ́ ihò tó ní volt nígbà gbogbo, kí ẹ sì gbé 85 gba inú súwíìṣì lọ sí ihò fúùlù.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí iná iwájú rẹ̀, kí ẹ má gé wáyà kankan níbẹ̀. Ríwáyà tó mọ irú ọkọ̀ náà ni kó bá yín ṣe é.

Ìdánwò àti títo ìmọ́lẹ̀

Ẹ so bátìrì padà, ẹ fi fíùsì sí i, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tan fúùlù. Relay yóò dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá dún tí iná kò tàn, ọ̀nà 30 dé 87 tàbí nẹ́gétíìfù iná ni kí ẹ wò. Bí kò bá dún rárá, 85 àti 86 ni. Lẹ́yìn tí iná ti tàn fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fọwọ́ kan àpò fíùsì, ìdí relay àti ibi tí wáyà ti pàdé. Ó lè lọ́wọ́ọ́wọ́. Kò gbọ́dọ̀ jó ọwọ́. Ẹ wọn volt ní ẹnu bátìrì, kí ẹ tún wọn ọ́n ní ẹnu iná. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 0.5 lọ, ẹ padà sídìí nẹ́gétíìfù ná, kí ẹ tó fura sí ohun mìíràn.

Fún títo ìmọ́lẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́, mítà 10 sí ògiri, kí ẹ sì kó irú ẹrù tí ẹ máa ń kó bọ̀ láti oko sẹ́yìn rẹ̀. Iṣu tàbí àgbàdo tó bá kún ẹ̀yìn Hilux a máa tẹ̀ ẹ́ nídìí, imú rẹ̀ a sì gbé sókè. Iná tí ẹ tò nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo yóò di èyí tó ń tan orí igi. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri ní gíga iná náà, kí ojú ìmọ́lẹ̀ tó mọ́ jù sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 nísàlẹ̀ ìlà yẹn. Ọ̀tún ni à ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà kí iná òsì kọjú síwájú gbọnrangandan, kí ti ọ̀tún sì yà díẹ̀ sí etí igbó, níbi tí màlúù àti ọlọ́kadà tí kò ní iná ti máa ń yọ síni.

Lórí títì ọlọ́dà, ẹ fi ìdérí bo iná náà tàbí kí ẹ pa súwíìṣì rẹ̀. Bí ẹ bá ń súnmọ́ ibi tí sójà tàbí ọlọ́pàá ti dábùú ọ̀nà lóru, ẹ ti òkèèrè dímù, ẹ pa iná àfikún, kí ẹ sì tan iná inú ọkọ̀, kí wọ́n lè rí ojú yín.

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà oko, ẹ tún fi sípánà mú gbogbo bóòtù le, nítorí wọn a máa jókòó sí i. Bí fíùsì bá jó, oní-ampere kan náà ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe èyí tó jù ú lọ, kì í sì í ṣe fọ́nrán wáyà tàbí bébà sìgá. Bí tuntun náà bá tún jó, ẹ yọ wáyà 87 kúrò lára relay, kí ẹ fi fíùsì mìíràn sí i, kí ẹ sì tan súwíìṣì. Bí kò bá jó mọ́, apá iwájú ni wáyà ti bó: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti gba ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ kọjá àti ibi tó ti yí gba etí bọ́ńpà.